Fóònù Tó Tó Wàláà

Sátidé tó kọjá, mo bá wọn dé ibi ìdána kan n'Íbàdàn. Ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ tán, alága ń kọrin, ìyàwó ń jó bọ̀. Mo na ọrùn kí n lè rí i. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo rí. Àǹtí kan tó jókòó níwájú mi ti fọwọ́ méjèèjì gbé e sókè bí àlùfáà tó ń fi ọmọ tuntun han ìjọ. Mo wò ọ̀tún, gèlè. Mo wò òsì, tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo bá gba kádàrá: ojú ẹ̀rọ àǹtí yẹn náà ni mo ti wo ìdána tí ìyàwó ẹ̀ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí mi.

Àwòrán ń gbọ̀n, torí apá ti ń ro àǹtí. Nígbà tí wọ́n wá dé ibi tó dùn jù, tí wọ́n ní kí ìyàwó mú ẹ̀bùn kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹrù ìdána, ìkìlọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ pé ààyè ti kún. Àǹtí ò gbé e wálẹ̀ o. Òkè níbẹ̀ ló ti ń pa fídíò àdúrà òwúrọ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyàwó ti mú Bíbélì. Gbogbo àwa tá a wà lẹ́yìn ò rí i. Àǹtí náà ò rí i.

Ẹ má sọ pé ìlara ló ń bá mi jà. Èmi náà ní fóònù ńlá, ìdí ẹ̀ sì nìyí tí mo fi lè gbé e sórí ìwọ̀n fún yín.

Ṣé ẹ rántí 2001, nígbà tí GSM dé Nàìjíríà? Kékeré ni ọlá nígbà yẹn. Nokia 3310 ò ju gíráàmù 133 lọ, ẹni tí tiẹ̀ bá sì tún kéré sí i, òun ni ọ̀gá. Nígbà tó di 2010, Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, fọwọ́ sọ̀yà pé kò sẹ́ni tó máa ra fóònù ńlá tí ọwọ́ ò lè ká. Lọ́dún kejì, Samsung gbé Galaxy Note jáde, ojú ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 5.3, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ní 2014, Apple fúnra wọn gbé iPhone 6 Plus jáde, ínǹṣì 5.5. Jobs ti kú, kò ṣojú ẹ̀. Lónìí, ẹ gbé ínǹṣì 5.3 jáde láàárín ọ̀rẹ́, wọ́n á bi yín bóyá ọmọ yín lẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Galaxy S24 Ultra jẹ́ 6.8, ó sì lé ní gíráàmù 230. Ó kù díẹ̀ kó tó 3310 méjì tí wọ́n dì pọ̀.

(Ẹ jẹ́ n há èyí sí yín létí: igun sí igun ni wọ́n ń wọn ínǹṣì yẹn. Fóònù méjì lè jọ jẹ́ 6.8, kí èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ má ní ojú tó èyí tó fẹ̀. Alásọ Gbági ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò, ẹ máa gbá a lọ́rùn mú.)

Ó ní oore tiẹ̀, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e délé, Màámi wò ó wò ó, wọ́n ní, “Wàláà rèé, ṣé o tún ti padà sílé kéwú ni?” Àmọ́ látìgbà tí mo ti bá wọn fẹ lẹ́tà inú ẹ̀ tóbi, wọn ò wá gíláàsì mọ́ kí wọ́n tó ka Yásíìnì. Wọ́n tún ń rí ọmọ-ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, tòun ti eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Pé ọmọ ọ̀hún ò rí wọn, pé fáànù òkè àjà wa nìkan ló mọ̀ sí ìyá àgbà, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ fóònù.

Bátìrì ńkọ́? Inú tó fẹ̀ gba bátìrì tó tóbi: 5,000 mAh (òṣùwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) ti wọ́pọ̀, 900 péré ni ti 3310. Ṣùgbọ́n ojú gbàràmù yẹn ń mu iná bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ẹmu àfowófà. Ọjọ́ mẹ́ta ni 3310 ń lò kó tó béèrè iná. Tèmi, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ń pọ̀kàkà ikú.

Ẹ wá wo àtàǹpàkò. Ti Ọlọ́run ò gùn sí i látọdún 2001. Àwọn tó ń ṣe fóònù mọ̀, ni wọ́n bá fi ètò kan sínú ẹ̀ tó ń sún ojú ẹ̀ kéré kí ọwọ́ kan lè lò ó. Ẹ kówó rẹpẹtẹ lé e kó lè tóbi, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kó lè kéré. Èmi ò kọ́kọ́ mọ̀ nípa ètò yẹn. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé e sókè orí, mò ń nàgà sí igun kejì. Gbì! Imú. Níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo ní ilẹ̀kùn ni.

Nínú dánfó, kọ̀ndọ́ á ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí wíńdò, ẹ mójú tó fóònù yín o!” Gbogbo ọkọ̀ á yíjú sí mi, torí àbọ̀ tèmi wà níta àpò bí ọmọ tó ń yọjú lẹ́yìn ìyá ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ru ẹran erin kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Wọn ò tíì bá ẹgbẹ́ wa pàdé. Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa, fóònù ọwọ́ ẹ̀ ju owó ilé tó ń san lọ́dún lọ, àwìn ló sì rà á. Kò sí ọjọ́ tí kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí hotspot, ìṣẹ́jú méjì péré.”

Lálẹ́ àná, NEPA mú iná. Fóònù mi ti kú láti ìrọ̀lẹ́, mi ò sì mọ ibi tí mo jù ú sí. Mò ń fọwọ́ tálẹ̀ káàkiri pálọ̀. Màámi gbọ́.

“Kí lò ń wá?”

“Fóònù mi ni, mà.”

“Èyí tó tó wàláà yẹn ló sọnù?”

Wọ́n tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n tẹ nǹkan kan, iná tọ́ọ̀ṣì fóònù kékeré wọn tàn yòò.

“Gbà. Ọjọ́rú ni mo ti ṣááji ẹ̀ kẹ́yìn. Fi wá ẹ̀gbọ́n ẹ̀.”