Bàtà tí kò ṣeé wọ̀ náà níyì

"Ta ni yóò wọ èyí?" Kò sígbà tí wọ́n gbé àwòrán bàtà àràmàǹdà, irú èyí tí oníṣẹ́ ọnà ṣe fún wíwò, sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnìkan ò ní bi irú ìbéèrè yìí. Ó máa ń dùn mí, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀gbá ló bi í.

Ta ló ń wọ bàtà ìlẹ̀kẹ̀ ọba lọ ra ata ní Kútọ̀? Ní Abẹ́òkúta wa yìí, agbo ilé Adugbologe gbẹ́ igi di orí egúngún tí etí rẹ̀ nà gọọrọ, a ò sì bi wọ́n pé fìlà wo nìyẹn.

Ní 1936, obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan, Meret Oppenheim, mú bàtà gogoro funfun méjì, ó fi okùn dì wọ́n pọ̀ bí adìẹ sísun, ó gbé wọn sínú àwo, ó sì fi bébà ṣe gìgísẹ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Obìnrin ni mo rí níbẹ̀: wọ́n dè é, wọ́n tún gbé e síwájú àlejò. Ká ní òkúta ló fi gbẹ́ ẹ, kò ní gún mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Bàtà ti bá èèyàn gbé, ó ti mọ ẹsẹ̀ èèyàn. Bó bá ṣófo, ojú wa á máa wá ẹni tó ni ín.

Christian Louboutin pàápàá, tó ń ta bàtà fún àwọn olówó, ṣe àwọn kan ní 2007 tí kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n rìn. David Lynch, olùdarí fíìmù, ló ya fọ́tò wọn. Ọ̀kan nínú wọn, gìgísẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ohun tó yẹ kó gbé èèyàn rìn ló wá dá a dúró yẹn!

Àwọn kan á ní ebi ń pa ìlú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwọn aránbàtà wa ń rán èyí tó ṣeé wọ̀, tí a sì ń ná an mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ awọ, wọ́n mọ gọ́ọ̀mù, wọ́n mọ bí gogoro ṣe ń gbé èèyàn dúró. Ta ló tíì bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn?

Mo fẹ́ kí aránbàtà àti agbẹ́gilére jọ ṣe irú bàtà yìí, kí wọ́n lo àdìrẹ Ìtòkú, kí a sì pàtẹ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn àṣà June 12 ní Kútọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ẹni tó fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ darí rẹ̀ sí mi. Èmi ni màá ra àdìrẹ.