Ẹ̀yin Olótẹ́ẹ̀lì, Ṣé Torí Ayé Ni àbí Torí Àpò Yín?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún àwọn olótẹ́ẹ̀lì pé òpònú ni gbogbo wa? Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́, mo kàn ń gbé e mì ni, àmọ́ ó ti dé ọ̀fun báyìí, kò lọ mọ́. Èèyàn á sanwó yàrá tán, owó gidi, wọ́n á wá fi káàdì pélébé kan sórí ìrọ̀rí fún un, wọ́n á ya ewé tútù sí i lára, wọ́n á ní "Ẹ jẹ́ ká jọ dáàbò bo ayé wa." Ẹ máa kà á lọ, ẹ ó rí i pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé: a ò ní pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yín, a ò ní gbá yàrá yín, a ò ní da ilẹ̀ nù, àfi tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀ wá. Iṣẹ́ tó wà nínú owó tẹ́ ẹ san ni wọ́n yọ kúrò yẹn o, owó ò sì dín. Tẹ́ ẹ bá wá ráhùn, ẹ̀yin lẹ di ọ̀tá ayé.

Mi ò sọ pé kí wọ́n máa fọ táwẹ̀lì lójoojúmọ́ o. Ta ló ń fọ táwẹ̀lì tó fi nura lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé ara ẹ̀? Omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, iná ni wọ́n fi ń se omi yẹn, iná náà ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, ọṣẹ ìfọṣọ á sì ṣàn lọ sínú odò. Ó yé mi dáadáa. Kò sì sóhun tó burú nínú kéèyàn máa ṣọ́wó ná. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àpò ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́, orúkọ ayé ni wọ́n ń dà. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ẹ dákun, owó ìfọṣọ ti ga, ẹ bá wa gbé táwẹ̀lì yín kọ́," màá rẹ́rìn-ín, màá sì gbé e kọ́.

Ẹ bá mi wo inú yàrá yẹn dáadáa. Káàdì ayé wà lórí ìrọ̀rí. Ife méjì wà lórí tábìlì, wọ́n fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sálúbàtà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa jù nù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, inú ọ̀rá ló wà. Kóòmù wà nínú ọ̀rá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá yẹn wà nínú páálí, páálí náà ló wá ní àwòrán ewé lára! Bisikíìtì méjì, ọ̀rá méjì. Fèrèsé ńkọ́? Wọ́n ti kàn án pa, kò ṣeé ṣí. Atẹ́gùn tútù lè máa fẹ́ yẹ́ẹ́ níta, ẹ̀rọ amúlétutù náà lẹ máa tàn. Ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ òtútù ibẹ̀ dà bíi ti inú fìríìjì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń gba àlejò: iná ràgàjì tí wọ́n fi rọ̀ láti òkè àjà ń tàn lọ́sàn-án gangan, omi àfiṣẹ̀ṣọ́ ń tú yàà látàárọ̀. Bí oúnjẹ àárọ̀ bá parí, ẹ wo ohun tí wọ́n ń kó lọ dà nù. Ta ló kọ káàdì fún ìyẹn? Àfi táwẹ̀lì tèmi nìkan ló ń ba ayé jẹ́.

Káàdì yẹn gan-an, àwọn tó kọ ọ́ kì í tẹ̀ lé e. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ tún táwẹ̀lì lò, kí n gbé e kọ́. Tí mo bá fẹ́ òmíràn, kí n jù ú sílẹ̀. Mo gbé e kọ́. Mo padà dé lálẹ́, wọ́n ti gbé e lọ, òmíràn ló wà níbẹ̀. Àlejò ti ṣe tiẹ̀ láti fi dáàbò bo ayé, òtẹ́ẹ̀lì ló gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jay Westerveld rí irú káàdì yìí ní òtẹ́ẹ̀lì ìgbafẹ́ kan ní Fíjì: ẹ bá wa tún táwẹ̀lì lò, ká lè dáàbò bo òkun àti iyùn inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì tó ń ké sí àlejò yìí, ilé ni wọ́n ń kọ́ kún ilé létí òkun náà. Ó kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1986, orúkọ tó sọ ìwà yẹn, greenwashing (kéèyàn máa fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ayé bo ohun tó ń ṣe mọ́lẹ̀), ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, orí táwẹ̀lì náà la ṣì wà.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn obìnrin tó ń tún yàrá ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì bá ní òun ò ní fọwọ́ kan yàrá yín fún ọjọ́ mẹ́ta torí ìfẹ́ ayé, ta lẹ rò pé ó ń sinmi? Kò sẹ́ni tó ń sinmi. Wọ́n ti dín ọjọ́ iṣẹ́ obìnrin yẹn kù, owó ẹ̀ náà sì ti dín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá lọ, òun ló máa wọlé bá ìdọ̀tí ọjọ́ mẹ́ta: irun ti dí ojú ihò omi, ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ tábìlì, ọṣẹ ti dì mọ́ ògiri balùwẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ti kún dé ilẹ̀. Iye yàrá tí wọ́n yàn fún un lóòjọ́ ò dín. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un lórí yàrá kan ò lé. Bẹ́ẹ̀ lá máa sáré kiri, bẹ́ẹ̀dì ní gbígbé, ilẹ̀ ní nínù, alábòójútó á sì dúró sí i lórí.

Mi ò kàn ń fọkàn rò ó lásán o. Ní nǹkan bí 2009, Starwood, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó ni Sheraton àti Westin nígbà yẹn, gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Make a Green Choice. Kí àlejò ṣáà ti sọ pé kí wọ́n má tún yàrá òun ṣe, wọ́n á fún un ní nǹkan díẹ̀ fi jẹun tàbí kí wọ́n fi póìǹtì (máàkì tí àlejò ń kó jọ láti fi gba ẹ̀bùn) kún tiẹ̀. Marriott, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, ra Starwood ní 2016, ó bá ètò náà níbẹ̀, kò sì pa á tì. Nígbà tó fi máa di 2018, tí àwọn òṣìṣẹ́ Marriott bí 7,700 daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà, ètò yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Àlejò gba póìǹtì, òtẹ́ẹ̀lì gba orúkọ rere, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló san owó méjèèjì.

Kòrónà wá dé. Wọ́n ní torí ìlera wa làwọn ò ṣe wọ yàrá. Ó bọ́gbọ́n mu, a gbà. Kòrónà lọ, wọn ò padà wọ yàrá. Ó wá di torí ayé! Ní 2021, Hilton, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá mìíràn, kéde pé ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì òun ní Amẹ́ríkà, àlejò tó bá fẹ́ kí wọ́n tún yàrá òun ṣe lójoojúmọ́ ni kó béèrè. Ṣáájú ìgbà yẹn lọ́dún kan náà, olórí ilé iṣẹ́ náà, Christopher Nassetta, ti sọ fún àwọn tó ń dókòwò lọ́dọ̀ wọn pé ohun táwọn ń lé ni bí èrè á ṣe pọ̀ sí i tí iye òṣìṣẹ́ á sì dín, pàápàá nídìí títún yàrá ṣe. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ èrè ni wọ́n ń sọ fún olówó, ọ̀rọ̀ ewé ni wọ́n ń sọ fún àlejò. UNITE HERE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ṣírò ẹ̀ lọ́dún yẹn pé tí wọ́n bá pa títún yàrá ṣe lójoojúmọ́ tì pátápátá, iṣẹ́ tó lé ní 180,000 lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ̀ pé àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń jà fún. Ó dáa, ẹ pín in sí méjì. Ṣé ó wá kéré ni?

Ẹnì kan á ní kí n wo ti ìgò ike kéékèèké inú balùwẹ̀. Mo wò ó. Ní 2019, IHG, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ni Holiday Inn, ní òun máa mú wọn kúrò, bí 200 mílíọ̀nù lọ́dún. Kò pẹ́, Marriott náà ní tòun tó 500 mílíọ̀nù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ọn, ìgò ńlá tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ò ṣe mí ní nǹkan kan (àfi kí ẹ sọ fún mi ìgbà tí wọ́n fọ inú ẹ̀ kẹ́yìn). Ṣùgbọ́n ọṣẹ tí wọ́n bá rà ní kẹ́ẹ̀gì dínwó ju èyí tí wọ́n dì sínú ìgò kéékèèké lọ, ọdún 2019 yẹn kan náà sì ni ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé, láti 2023, òtẹ́ẹ̀lì tí yàrá ẹ̀ bá ju 50 lọ ò gbọ́dọ̀ fi ìgò bẹ́ẹ̀ sí yàrá mọ́. Nígbà tí òfin ń lé ẹ bọ̀ lẹ́yìn, tí èrè sì ń pè ẹ́ níwájú, ìfẹ́ wo lo wá ní kí n kí ẹ fún?

Ibi tí ìṣòro gan-an wà, kò sẹ́ni tó ń ya ewé síbẹ̀. Mímú ilé gbóná, mímú un tutù, omi gbígbóná, iná: ibẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì ti ń tú èéfín sínú ayé. Ìròyìn kan tí International Tourism Partnership, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, gbé jáde ní 2017 sọ pé èéfín tó ń jáde lórí yàrá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 2010 kó tó di 2030, kó sì fi ìdá 90 dín kó tó di 2050. Táwẹ̀lì mélòó la máa gbé kọ́ ká tó débẹ̀? Ògiri tí ò ní jẹ́ kí ooru sá lọ, fèrèsé onígíláàsì méjì, ẹ̀rọ omi gbígbóná tí kì í jẹ iná púpọ̀, ìyẹn ń náni lówó kó tó mówó wọlé. Àlejò ò sì ní rí i kó fi yà fọ́tò. Wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á lọ tẹ káàdì.

Ó kúkú ṣeé ṣe o. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Vienna, olú ìlú Austria, tó ń jẹ́ Stadthalle, ẹni tó bá wọ rélùwéè tàbí tó gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, wọ́n ń yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó ẹ̀. Ẹ gbọ́: wọ́n ń yọ owó! Hotel Marcel ní New Haven, Connecticut, ilé ọ́fíìsì oníkọnkéré àtijọ́ ni wọ́n sọ di òtẹ́ẹ̀lì ní 2022, wọn ò lo gáàsì níbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló ń fún un níná. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, abẹ́ orúkọ Hilton náà ló wà, àmọ́ ẹni tó ni ilé ló fi owó ẹ̀ ṣe é.

Kí wọ́n má sì sọ pé àwa àlejò la ò fẹ́. Àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Goldstein, Cialdini àti Griskevicius, dán oríṣiríṣi káàdì wò ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2008. Káàdì tó kàn sọ pé ọ̀pọ̀ àlejò ló ń tún táwẹ̀lì wọn lò ṣiṣẹ́ ju èyí tó ń wàásù ayé lọ. Wọ́n tún dán òmíràn wò lẹ́yìn náà: nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì bá ti kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ fún àwọn tó ń bójú tó àyíká, tó wá ní kí àlejò ran òun lọ́wọ́, àwọn tó ń dá a lóhùn pọ̀ ju ìgbà tó ní "ẹ ṣe é ná, ká tó fi owó sílẹ̀." Ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín, àwa náà á ṣe tiwa. Kí ló le níbẹ̀?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Òtẹ́ẹ̀lì tó náwó sórí ògiri àti èyí tó kàn tẹ káàdì, ewé kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Booking.com pàápàá, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ní àmì kan tó máa ń fi sára àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ní àwọn ń tọ́jú àyíká. Ní 2024 ló yọ ọ́ kúrò, lẹ́yìn tí àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Netherlands sọ pé ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Àwọn ará Yúróòpù tiẹ̀ ti ṣòfin lórí ẹ̀: láti oṣù Kẹsàn-án 2026, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ sọ fún oníbàárà pé òun ń ṣàánú àyíká gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí tì í.

Èmi ò tiẹ̀ ní kí wọ́n kó ìwé ẹ̀rí wá. Kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì yẹn, ibi tí kò sí ewé: iye iná tá a lò lọ́dún tó kọjá rèé, ti ọdún yìí rèé, owó tá ò ná mọ́ rèé, ẹni tá a fún rèé, àwọn tó ń tún yàrá ṣe ṣì ń gba iye ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Tí wọn ò bá lè kọ ọ́, kí wọ́n yọ owó ọjọ́ tí wọn ò gbá yàrá kúrò nínú èyí tí mo san, kí wọ́n sì fún obìnrin tó máa gbá a lọ́jọ́ kẹta ní àkókò tó tó.