Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn látọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé fídíò ìnáwó ni mo ń yà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, ìgbéyàwó o, ìkómọ o, òkú àgbà o, kò síbi tí mi ò gbé kámẹ́rà dé láti Enúwá títí wọ Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ni ìyá kan bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágere lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ni mo ya fídíò ìsìnkú ọkọ wọn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n jókòó, wọ́n mumi, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, mo ti wo fídíò yẹn tán o, mi ò rí ibi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń kì í."

Mo rántí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn obìnrin, ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki àbúrò wọn, ohùn wọn ń gbọ̀n, wọ́n á kì í débì kan wọ́n á gbàgbé, wọ́n á tún padà sẹ́yìn lọ mú un, kò sí ìlù, kò sí máìkì, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá dáadáa. Nígbà tí mo wá ń ṣe ẹ́dítìn lóru mo ní èyí ti gùn jù, mo gé e, mo fi bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, mo sì da orin lé e lórí. Kò pẹ́ tí mo pa èyí tó kù rẹ́ torí káàdì mi ti kún. Ìyá náà wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn yẹn ti kú lẹ́yìn ọdún Kérésì, kò sì sẹ́lòmíì nínú ẹbí tó mọ oríkì ilé wọn débi tí wọ́n mọ̀ ọ́n dé. Wọn ò bínú sí mi o. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí jù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà oorun ò kùn mí, ni mo bá gbé fíìmù Ṣaworoidẹ sí i. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wò ó láti kékeré, ọdún 1999 ló jáde, ilé wa ò ní fíìmù tí a wò tó o. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mi ò wo ìtàn mọ́, iṣẹ́ Túndé Kèlání tó jẹ́ dírẹ́kítọ̀ ni mo ń wò, mo wá rí i pé ọkùnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ẹ wo Baba Ọ̀pálábá, Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Tí bàbá yẹn bá la ẹnu, gbólóhùn wọn kì í yára, ọ̀rọ̀ máa ń lé ọ̀rọ̀ bọ̀, kámẹ́rà ò sì sáré kúrò lójú wọn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ì bá ti gé e. Èmi tí mo tún ń pe ara mi lọ́mọ Ifẹ̀ ni mo gé ti ìyá yẹn.

Ẹ tún wo ìlù. Ìtàn ìlú Jogbo, orí ìlù yẹn ló dúró lé: ọba tí ò bá gba gbẹ́rẹ́ tó yẹ kó gbà, tó bá fi dé adé idẹ, tí ìlù tí wọ́n ń pè ní ṣaworoidẹ bá ti dún, ẹ̀fọ́rí ni yóò pa á. Dírẹ́kítọ̀ tó bá fi ìlù ṣe ariwo ẹ̀yìn lásán ti ba fíìmù yẹn jẹ́ nìyẹn, torí ìlù wa ń sọ̀rọ̀ ni, àmì ohùn ló fi ń sọ ọ́, ẹni tó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ráyè túmọ̀ ẹ̀ nínú ara ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó dé. Kèlání fún wa láyè yẹn. Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ ṣáà mọ̀ pé adé kì í ṣe fìlà. Lọ́dọọdún nígbà ọdún Ọlọ́jọ́ tí Ọọ̀ni bá ti ìsémọ́lé jáde, tí wọ́n máa dé adé Àrè lọ sí Òkè Mọgún, àárọ̀ ni èèyàn ti ń dúró, oòrùn á pa wọ́n, ọmọdé á sunkún, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ jẹ́ ká gé apá kan kúrò.

Mo rò pé mo mọ ibi tí Kèlání ti rí sùúrù yẹn o. Kámẹ́rà ló kọ́kọ́ gbé kó tó di dírẹ́kítọ̀. WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n n'Ìbàdàn, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1959, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wá ń ya fíìmù fún àwọn ọ̀gá mìíràn, títí kan Taxi Driver ti Ade Love. Nígbà yẹn fíìmù gidi tí wọ́n ń kì bọ kámẹ́rà ni, owó ńlá ni, o ò ní tan kámẹ́rà títí o fi máa mọ ohun tí o fẹ́ rí. Ìgbà tó yá ló dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù tiẹ̀, sílẹ̀, fíìmù ẹ̀ Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ sì jáde ní 1993. Ẹni tó ti fojú ara ẹ̀ wo ojú èèyàn nínú kámẹ́rà fún gbogbo ọdún yẹn á mọ̀gbà tí ojú fẹ́ sọ̀rọ̀.

Aṣọ náà ńkọ́? Fíìmù ẹ̀ Ò Le Kú jáde ní 1997, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tiwa níbí. Lẹ́yìn fíìmù yẹn ni ìró àti bùbá kékeré yẹn tún gbòde, tí wọ́n wá ń pè é ní òlekú, tí gbogbo télọ̀ ń rán an. Màmá mi ṣì ní tiwọn nínú àpótí. Kò sẹ́ni tó polówó ẹ̀ nínú fíìmù yẹn o, ojú kámẹ́rà ló tẹ́ ẹ fún wa, àwa obìnrin àtọkùnrin sì rí i pé ó dáa.

Ṣé gbogbo fíìmù ẹ̀ ni mo fẹ́ràn? Rárá. Agogo Èèwọ̀, tó tẹ̀ lé Ṣaworoidẹ, ò wọ̀ mí lára tó ti àkọ́kọ́, ìpàdé pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó dà bíi pé wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí a ti mọ̀. Ṣùgbọ́n Arugbá, ti 2008, tó gbé wa lọ sínú ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, mo lè wo ibi ijó yẹn láàárọ̀ kí n tún wò ó lálẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń ṣe fíìmù báyìí máa ń sọ pé dátà ti wọ́n, àwọn èèyàn ò ní sùúrù mọ́, tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀ ní kíákíá wọ́n á yí i kúrò. Mo gbọ́, iṣẹ́ yẹn le, owó ò sí, mo mọ̀ torí èmi náà ń jẹ nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí a ń fi rọ́pò ẹ̀. Èèyàn méjì nínú pálọ̀, fóònù létí, wọ́n ń ka gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn fún wa láìku ẹyọ kan, wákàtí méjì gbáko. Ìyẹn ò kúrú o. Mo ti wo fíìmù tó gùn gbọọrọ tí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni rí, kò dúró de ẹkún kó jáde, kò dúró de àgbà kó rántí ọ̀rọ̀ tó kàn. Yorùbá tí a ń sọ níbẹ̀ náà wá ń yára, òwe á dé ìdajì, orin á bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an ni, torí ọmọ tó ń wò ó lónìí á rò pé bí èdè wa ṣe rí nìyẹn.

Kọ́lá Oyewo tó ṣe ọba nínú Ṣaworoidẹ, wọ́n ti ṣe olùkọ́ fọ́dún pípẹ́ ní OAU, Yunifásítì Ifẹ̀ yìí kan náà. Ìlú wa yìí kún fún àwọn tó ń ki èèyàn, àwọn tó ń lùlù, àwọn ìyá tó mọ ìtàn ilé wọn. Tí wọ́n bá dìde lágbo ìnáwó yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń ya fídíò pé kó má paná kámẹ́rà ẹ̀.

Lánàá mo tú gbogbo hard drive ilé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti gbé kámẹ́rà kejì sórí ìdúró lẹ́yìn àwọn èèyàn lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, ó lọ jẹun, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lára oríkì yẹn wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn gèlè ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ojú ìyá yẹn ò hàn, ṣùgbọ́n ohùn wọn wà, títí dé ibi tí wọ́n ti gbàgbé tí wọ́n sì padà lọ mú un. Ọjọ́bọ̀ ni màá gbé e lọ fún wọn nílé.