Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kejì, Ojú Ló Ń Gbé

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. A ti pa òwe yìí títí, a kì í béèrè mọ́ pé níbo gan-an ni àbọ̀ kejì ń gbé. Òwe mìíràn ló dá a lóhùn: ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu sọ ìdajì, ojú sọ ìyókù: bí èèyàn ṣe fajú ro, bí ohùn rẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ lójijì, bó ṣe dákẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Kò sí wàhálà." Ẹni tó bá ń wò ó mọ̀ pé wàhálà wà.

Lórí fóònù, "kò sí wàhálà" nìkan la ó kà. Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ń dápàárá lórí kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn sì ń gbà á sí òótọ́. Ni Scott Fahlman bá dábàá pé kí wọ́n máa fi àmì :-), ojú ẹ̀rín tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, sídìí àwàdà. Ẹ ò rí i pé ojú ni wọ́n ń wá! Ṣùgbọ́n ojú téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn kò lè tú àṣírí ẹni tó yàn án. Èèyàn lè máa sunkún lọ́wọ́ kó sì fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ máa ń kọ̀rọ̀ síra wa lórí WhatsApp. Ẹnu rẹ̀ mú níbẹ̀, àwàdà rẹ̀ kì í tán. Ọjọ́ tí a wá jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé lórí fóònù, ó lè kọ gbólóhùn kan, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ. Lójúkojú, àyè yẹn kò sí. Ìwádìí kan lórí èdè 10, tó jáde ní 2009, fi hàn pé nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló sábà máa ń wà láàárín ìbéèrè àti èsì. Bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú ni. Ta ló lè bá irú eré yẹn bí kò bá máa sá a? Èmi gan-an ńkọ́, tí mo ka ojora sí ìbínú?

Ohun tó tù mí nínú ni pé mímọ ohun tí ojú ń sọ kì í pẹ́ padà sára. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà tẹ èsì kan jáde: ọmọ iléèwé 51 lo ọjọ́ márùn-ún ní ibùdó kan láìfọwọ́ kan fóònù tàbí tẹlifíṣàn. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wo ojú àwọn èèyàn kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn, wọ́n tẹ̀ síwájú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn 54 tí kò lọ. Lójú tèmi, àìsí fóònù nìkan kọ́. Wọ́n wà pa pọ̀, wọ́n ń wo ara wọn.

Mi ò ní ká sọ fóònù nù o. Bójú bá yẹjú, kóhùn má yẹhùn. Fóònù ń bá wa ṣe ìyẹn dáadáa, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún adití àti onítìjú. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀, ìbánikẹ́dùn àti aáwọ̀, ẹ gbé wọn lọ bá ojú. Fídíò pàápàá kò tó: kámẹ́rà wà lókè, ojú rẹ wà nísàlẹ̀, bí mo bá ń wo ẹyinjú rẹ, ilẹ̀ ni wàá rí i pé mò ń wò.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yẹn ti tún jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́, kò sẹ́ni tó mú fóònù. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kò sí wàhálà." Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó yá, máa sọ ọ́."