Ẹyẹ tó ń jẹun lẹ́yìnkùlé yín kò tíì di ọ̀lẹ

Mi ò mọye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ: "Tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹyẹ lóúnjẹ, o ò gbọdọ̀ dá a dúró mọ́ o. Wọ́n ti gbójú lé ọ nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá rìnrìn àjò, ebi á pa wọ́n kú." Àwọn mìíràn á tún fi kún un pé ẹyẹ tó yẹ kó ṣí lọ síbi tó móoru nígbà òtútù á kàn jókòó ti oúnjẹ, kò ní lọ mọ́, yìnyín á sì ká a mọ́bẹ̀. Àánú ló ń mú wọn sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ yìí gan-an ń ṣokùnfà ikú ẹyẹ, màá sì sọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹyẹ náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gbé agolo oúnjẹ ẹyẹ kọ́ sẹ́yìnkùlé ní Àríwá Amẹ́ríkà mọ black-capped chickadee dáadáa: ẹyẹ kékeré tí orí àti ọ̀fun rẹ̀ dúdú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun, tí gbogbo ara rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 11 lọ. Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ó já wálẹ̀, ó mú horo sunflower kan ṣoṣo, ó ti lọ. Kì í jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ó di orí ẹ̀ka, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ horo náà mọ́ igi, ó ń fi àgógó ẹnu sọ ọ́ kọ́-kọ́-kọ́ títí èèpo á fi là, á wá máa ṣa ohun inú rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó padà wá mú òmíràn. Kò jẹ ìyẹn: ó kì í bọ inú pàlàpálá èèpo igi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn ni, á sì rántí ibẹ̀. Kó tó tún yọ sídìí agolo, á ti yẹ abẹ́ ewé mélòó kan wò, á ti tú èèpo igi bóyá aláǹtakùn tàbí ẹyin kòkòrò wà níbẹ̀, á ti dorí kodò lára ẹ̀ka tín-ín-rín kan. Ẹni tó bá gbájú mọ́ agolo nìkan, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí ẹyẹ ń lò níbẹ̀ ló ń rí, á sì rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀ wà. Ẹ gbé ojú kúrò lára agolo. Ẹ mú ẹyẹ kan ṣoṣo, kí ẹ máa fojú bá a lọ. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ pé ó ti di ọ̀lẹ yóò fi ṣòro fún yín láti gbà gbọ́.

Àwọn onímọ̀ kò fi mọ sí wíwo ẹyẹ láti ojú fèrèsé. Margaret Brittingham àti Stanley Temple ṣiṣẹ́ lórí chickadee ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì wá ìdí ohun tí ẹyẹ náà ń jẹ. Lára agbára tó ń nílò lójúmọ́, nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 péré ló ń rí níbi tí ènìyàn gbé oúnjẹ sí. Ìyókù, inú igbó ló ti ń wá a. Wọ́n wá ṣe èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1992. Wọ́n rí ibì kan tí àwọn ènìyàn ti ń fún chickadee lóúnjẹ fún ọdún 25. Wọ́n kó oúnjẹ náà kúrò pátápátá, wọ́n sì fi àwọn ẹyẹ ibẹ̀ wé àwọn tó ń gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fún wọn ní nǹkan kan rí. Nígbà òtútù yẹn, bí àwọn ti ìhín ṣe yè náà ni àwọn ti ọ̀hún ṣe yè. Ọdún 25! Ìran ẹyẹ tó ti kọjá láàárín ìyẹn kì í ṣe kékeré, torí ọ̀pọ̀ chickadee kì í lò ju ọdún díẹ̀ lọ láyé. Bí oúnjẹ ọ̀fẹ́ bá ń mú kí ẹyẹ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kó ti hàn.

Mi ò ní bo apá kejì mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ṣe ṣáájú, ní 1988, fi hàn pé oúnjẹ náà wúlò gidi nígbà tí òtútù bá mú burúkú. Nínú 100 chickadee tó ní ibi ìjẹun, nǹkan bíi 69 ló la ìgbà òtútù já. Nínú 100 tí kò ní, nǹkan bíi 37 péré ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mú. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Wọn ò lè ṣe é láìsí wa." Ṣùgbọ́n àwọn tó kú yẹn kò mọ agolo oúnjẹ rí. Wọn ò gbójú lé ẹnikẹ́ni. Òtútù ló pa wọ́n, bó ti ń pa ẹyẹ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Oúnjẹ wa gba àwọn kan là, ohun rere sì ni. Pé o ran ẹnì kan lọ́wọ́ kò sọ pé o ti gba ọgbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ láti Oregon State University tún gbé ìdánwò náà le sí i. Wọ́n gé díẹ̀ lára ìyẹ́ apá àwọn chickadee kan kí fífò lè máa gba agbára jù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n so ohun èlò tíntínní mọ́ ẹsẹ̀ wọn, tó ń jẹ́ kí ibi ìjẹun náà mọ ẹyẹ tó dé àti ìgbà tó dé. Ẹ rò ó wò: fífò ti nira, oúnjẹ ọ̀fẹ́ sì wà nítòsí. Bí ẹyẹ yóò bá gbójú lé ènìyàn rárá, ìgbà yìí gan-an ni. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n gé ìyẹ́ wọn kò wá ju àwọn tí ìyẹ́ wọn pé lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n tilẹ̀ dín wíwá kù, bóyá torí pé gbangba ni ibi ìjẹun wà, ẹyẹ tí kò lè fò dáadáa sì mọ̀ pé àṣá lè gbé òun níbẹ̀.

Tí ẹ bá rò ó dáadáa, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Kò sí oúnjẹ kankan nínú igbó tó ń wà títí. Igi tó so èso lónìí lè má ní ẹyọ kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òjò á rọ̀, kòkòrò á sá pamọ́. Ẹyẹ tó bá fi gbogbo ọkàn sí ibì kan ṣoṣo kò lè pẹ́ láyé, torí náà ibi púpọ̀ ló máa ń ní lọ́kàn, tó sì ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Agolo tiyín jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ tún wo ti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ horo, kòkòrò ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Carolina chickadee, tó jẹ́ ìbátan èyí tí mo ń sọ, máa ń kó kòkòrò ajewé tó 6,000 sí 9,000 kí ọmọ inú ìtẹ́ kan tó dàgbà jáde. Kò sí ẹni tó ń kó ìyẹn sínú agolo fún wọn. Òbí tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ aṣíkiri wá ńkọ́? Ohun tó ń lé wọn gbéra kì í ṣe ebi. Gígùn ọ̀sán ni wọ́n ń wò jù. Láàárín àwọn ọdún 1920, William Rowan ti Yunifásítì Alberta ní Kánádà kó ẹyẹ junco sínú àgò ńlá níta gbangba nígbà òtútù tó ń mú omi dì, ó wá ń fi iná mànàmáná fa ọ̀sán gùn fún wọn díẹ̀díẹ̀. Òtútù kò kúrò, àmọ́ ẹ̀yà ìbímọ àwọn ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi bí ìgbà tí yìnyín ti ń yọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ara wọn ń kà. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí àwọn tó ń sin ẹyẹ ti rí tipẹ́: ẹ ti ẹyẹ aṣíkiri mọ́nú àgò, ẹ fún un ní oúnjẹ àjẹṣẹ́kù, nígbà tí àsìkò bá tó, kò ní sùn lóru. Á máa fò sókè-sódò, á máa lu apá pápápá, á sì máa kọjú sí ìhà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà lọ. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ o. Kò dá a dúró.

Ruby-throated hummingbird, ẹyẹ tíntínní tó sábà máa ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé kí wọ́n gbé omi ṣúgà tí wọ́n fi ń bọ́ ọ kúrò kó lè lọ. Ẹyẹ yìí máa ń sanra kó tó gbéra, á tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ nígbà mìíràn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fò gba orí òkun Gulf of Mexico kọjá, nǹkan bíi kìlómítà 800 láìsí ibi ìsinmi. Omi ṣúgà tí ẹ gbé síta lásìkò yẹn ń bá a palẹ̀ ìrìn àjò mọ́ ni. Ìwọ̀n ṣúgà kan sí omi mẹ́rin, láìfi aró pupa sí i.

Ẹyẹ kan wà tí àwọn tó di ìgbàgbọ́ yìí mú lè tọ́ka sí, ó sì tọ́ ká gbé e yẹ̀ wò: blackcap ti ilẹ̀ Yúróòpù (kì í ṣe chickadee). Tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń pamọ ní Jámánì àti Austria máa ń gba gúúsù ìwọ̀-oòrùn lọ sí Sípéènì tí òtútù bá dé. Láti bí ọdún 60 sẹ́yìn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Bìrìtìkó dípò ibẹ̀, oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń gbé síta níbẹ̀ sì wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé gbé. Peter Berthold àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú lára àwọn tó ń lo òtútù ní Bìrìtìkó, wọ́n jẹ́ kí wọ́n bímọ ní Jámánì. Àwọn ọmọ náà, tí wọn ò dé Bìrìtìkó rí, kọjú sí ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tí àsìkò ìrìn àjò tó. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bá a wá. Ìwé náà jáde ní 1992. Nítorí náà, òótọ́ ni pé oúnjẹ ẹ̀yìnkùlé lè yí ìgbésí ayé ẹyẹ padà láti ìran dé ìran, ó sì yẹ ká máa ronú lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn blackcap yìí ṣì ń rìnrìn àjò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà ni wọ́n ń fò lọ, tí wọ́n sì ń fò bọ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ ló yí padà.

Mo ti sọ pé ìgbàgbọ́ yìí ń ṣokùnfà ikú. Láti 2005, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa greenfinch ní Bìrìtìkó. Kòkòrò àrùn náà máa ń wọ̀ wọ́n lọ́fun tí wọn ò fi ní lè gbé oúnjẹ mì. Ẹ máa rí ẹyẹ náà tó fẹ ìyẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú, tó jókòó ti oúnjẹ láìkúrò, tí horo tó ti fi itọ́ rẹ̀ tútù ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sáàárín èyí tí àwọn yòókù fẹ́ mú. Wọ́n kú débi pé ní 2021, wọ́n fi greenfinch sínú àkójọ pupa àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu jù níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àrùn ojú tó ń ba house finch jà yọjú ní 1994. Ìgbà òtútù 2020 sí 2021, àrùn salmonella pa ẹyẹ pine siskin rẹpẹtẹ ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, àwọn aláṣẹ ẹranko igbó sì bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbé ibi ìjẹun wọn kúrò fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbà pé ẹyẹ gbójú lé òun kò ní lè gbé e kúrò. Á ní bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí ara wọn le á kú fún ebi. Ó ń fi àánú fi agolo sílẹ̀, ẹyẹ aláìsàn àti ẹyẹ tí ara rẹ̀ le sì ń pàdé níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń jẹ nínú àwo kan náà. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn tí mo bá ronú nípa rẹ̀, torí ohun tó yẹ kó dẹ́kun ikú náà kò ju ká gbé agolo kúrò lórí ìkọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹyẹ kan tó fẹ ìyẹ́, tí ojú rẹ̀ wú, tí kò sì sá nígbà tí ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ yẹn náà, àti oúnjẹ àti omi, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbá èèpo ilẹ̀ dànù. Ẹ fọ agolo náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án tí ẹ po blíìṣì ìwọ̀n kan mọ́, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí horo kankan tó tún wọ inú rẹ̀. Kódà tí ẹyẹ aláìsàn kò bá sí, ó dáa kí ẹ fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ tún wo ibi tí ẹ gbé e kọ́ sí: kó má ju mítà kan sí gíláàsì fèrèsé, kí ẹyẹ má bàa sáré tó pọ̀ débi tí yóò fi orí gbá a kú, tàbí kó jìnnà ju mítà mẹ́wàá lọ. Ológbò ní tirẹ̀, inú ilé ni kó wà.

Tí ìrìn àjò bá sì dé, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ inú rẹ̀ tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e pa mọ́. Tí ẹ bá padà dé tí ẹ tún gbé e kọ́, ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, torí ibòmíràn ni wọ́n ti ń jẹun.