Èsì wa sí Bàbá oní-Ìjàpá lórí súíìṣì iná iwájú

Bàbá, ẹ kú ilé o, ẹ sì ṣeun tí ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa. A ti rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé súíìṣì iná tí a tà fún yín kò dára, pé iná iwájú Ìjàpá yín (mọ́tò Volkswagen Beetle) ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán, pé wáyà kan gbóná títí ó fi rùn, pé àwòrán wáyà tí a fi kún ọjà kì í ṣe ti mọ́tò yín, pé ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi dá yín dúró, àti pé obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Èmi ni obìnrin náà. N kò yára dáhùn nítorí pé mo fẹ́ kí àbúrò mi ọkùnrin kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín ní Ọ̀yọ́, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí mọ́tò náà. Ó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 22, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ka ọ̀rọ̀ yín ni ó yẹ kí ó gbọ́ ohun tó bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọjọ́ mọ́kànlá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún ni ẹ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a bi yín ní nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn súíìṣì, iye ẹsẹ̀ (irin tí a ń so wáyà mọ́) tí ó ní, nọ́ńbà kéékèèké tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti bóyá iná fóòtì (volt) 6 tàbí fóòtì 12 ni mọ́tò ń lò. Èsì yín ṣì wà lórí fóònù wa: "Ẹ ṣáà fún mi ní ti 1968." A ṣàlàyé fún yín pé a kì í fi ọdún nìkan ta súíìṣì mọ́tò àtijọ́, ẹ sì fi èyí tó bàjẹ́ rán awakọ̀ kan sí wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 8 ló tó dé ọwọ́ wa. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nínú mọ́kànlá kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun.

Súíìṣì náà ti dípẹtà débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé kà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e jáde sójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákìẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. 9 ló kọ́kọ́ yọ, 4 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni 1. Inú wa dùn nígbà tí a rí i, nítorí pé Volkswagen máa ń to nọ́ńbà ọjà rẹ̀ ní ìsọ̀rí mẹ́ta, mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni ó ń sọ irú mọ́tò: 1 ni Ìjàpá, 2 ni bọ́ọ̀sì. Ìsọ̀rí àárín ló ń sọ ẹbí tí ohun náà ti wá, ohun tó bá sì fi 9 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ti iná ni. Inú 941 ni súíìṣì iná wà. Bí lẹ́tà kan bá tẹ̀lé e ní ìparí, ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ ti yí nǹkan kan padà lára rẹ̀. Súíìṣì méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí lẹ́tà yẹn sì jẹ́ kí ọ̀kan wọlé kí èkejì má wọlé. Ìdí nìyí tí a kò fi lè mú èyíkéyìí tó bá wà lórí pẹpẹ fún yín.

Ọjọ́ 10 ni nọ́ńbà náà tó pé. Ọjọ́ 11 jẹ́ Sunday, a kì í ṣí. Ọjọ́ 13 ni a rí ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta sípéèpátì àtijọ́ ní Ìbàdàn, ó dé ní ọjọ́ 15, ẹ sì gbà á ní ọjọ́ 16. Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiyín lórí tábìlì, mo fi mítà tí a fi ń wọn iná wò ó lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo fa bọ́tìnì dé ibi àkọ́kọ́, iná kọjá láti ẹsẹ̀ 30 sí ẹsẹ̀ 58. Nígbà tí mo fà á dé òpin, ó kọjá sí 56 pẹ̀lú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì fi sínú páálí rẹ̀. Bàbá, ẹ kò mẹ́nu kan ìwé pélébé yẹn nínú ọ̀rọ̀ yín.

Àwọn nọ́ńbà ẹsẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àbá tèmi. Àwọn ará Jámánì ló fi wọ́n ṣe òfin fún mọ́tò wọn: 30 ni èyí tó ti bátìrì wá tààrà, tí iná kì í kúrò lára rẹ̀, 15 ni èyí tó ń jí nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, 31 ni ti ara mọ́tò (irin ara rẹ̀, tí iná ń gbà padà sí bátìrì), 50 ń lọ sí sítátà, 56 ń lọ sí iná iwájú, ibẹ̀ ni ó ti pín sí 56a fún iná fúùlù àti 56b fún iná dímù, 58 sì ni ti iná ẹ̀yìn àti iná kékeré. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè ka ẹ̀yìn súíìṣì Ìjàpá bí ẹni ń ka lẹ́tà. Àwọn mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì bíi Morris àti Austin, tí Lucas ṣe ohun èlò iná wọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ wáyà ni wọ́n ń tẹ̀lé. Lára tiwọn, wáyà búráùn ló ti bátìrì wá, funfun jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́, dúdú wọ ara mọ́tò, búlúù sì lọ sí iná iwájú. Ibi tí ewu wà ni pé lára mọ́tò Jámánì, wáyà búráùn ni ó wọ ara mọ́tò, pupa ló sì ti bátìrì wá. Réwáyà tó bá fi ojú Morris wo Ìjàpá yóò so iná mọ́ ara irin. Àbúrò mi rí wáyà búráùn kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù yín tí rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ tó bí ìka kan. Òun ló rùn. Kò sí ohun tó jó lára súíìṣì wa.

Bàbá mi, tó jẹ́ réwáyà títí ó fi kú, ló dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń jókòó ti tábìlì yẹn, òun ló sì kọ́ mi pé kí n ka ẹ̀yìn súíìṣì kí n tó wo ojú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé n kò mọ iṣẹ́ dùn mí gan-an, n kò sì ní fi pamọ́.

Ó wá ku iná tó ń ṣe bàìbàì, tí í ṣe olórí ẹ̀sùn yín. Àbúrò mi gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, níbi tí bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Ìdérí mẹ́ta ló wà lórí bátìrì náà. Ìdérí mẹ́ta, fóòtì 6 nìyẹn. Mẹ́fà ni ti fóòtì 12. Ó tan iná iwájú, ó fi mítà kan ẹsẹ̀ 30, ó rí 6.1, ó kan 56, ó rí 6.0. Ohun tó wọ inú súíìṣì náà ló jáde. Lẹ́yìn èyí ni ó yọ gílóòbù iná iwájú, a sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ gbangba pé 12V 45/40W. Réwáyà yín ló rà á tuntun ní ọjọ́ 17, ọjọ́ kan náà tó so súíìṣì wa, ẹ kò sì kọ ìyẹn síbi tí ẹ ti fún wa ní ìràwọ̀ kan. Gílóòbù fóòtì 12 tí a bá so mọ́ fóòtì 6 kò lè rí ìdajì agbára tí wọ́n ṣe é fún, dandan ni kí iná rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Súíìṣì kò mọ̀ bóyá fóòtì 6 ni tàbí 12. Gílóòbù ló mọ̀ ọ́n.

Ní ti àwòrán wáyà, ẹ ní ẹjọ́ díẹ̀ rò. Kì í ṣe lórí pé sítíárìn inú àwòrán wà lápá òsì. Tiyín wà lápá ọ̀tún nítorí pé mọ́tò náà ti wà nílẹ̀ yìí ṣáájú ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, tí Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún; ọ̀nà tí wáyà gbà kọjá ni ìyẹn yí, kò yí nọ́ńbà ẹsẹ̀ kankan. Ọdún mọ́tò ni kò bá a mu. Ọdún 1968 tí ẹ sọ fún wa ni a fi mú ojú ìwé náà, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n forúkọ mọ́tò sílẹ̀ ni 1968 tó wà nínú pépà yín. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kan náà ni nọ́ńbà ṣáásì wà, 116 ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún mọ́tò 1965 ni nọ́ńbà kẹta níbẹ̀ ti ń sọ ọdún, nítorí náà mọ́tò 1966 ni tiyín. Àbúrò mi ka fíúùsì 8 lára mọ́tò náà. 10 ló wà nínú àwòrán. Ẹni tó bá ń wá àwòrán wáyà mọ́tò àtijọ́, kí ó fi nọ́ńbà ṣáásì wá a, kí ó sì ka fíúùsì kí ó tó gba ìwé náà gbọ́.

Àwa ló yẹ kí a ti bi yín ní nọ́ńbà ṣáásì yẹn, a kò bi yín. Ohun kejì tún wà: ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì gé ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé pé A ni bátìrì, B ni sítátà, C ni jẹnẹrétọ̀, títí lọ. Bí àlàyé yẹn kò bá sí, ìlà lásán ló kù. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ló tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n wò ó kí ó tó wọ páálí, n kò sì wò ó. Ẹ má bínú sí i, èmi ni kí ẹ bá wí.

A ti tẹ àwòrán ti 1966 fún yín lórí ìwé ńlá, àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pé pérépéré. Awakọ̀ yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ yín láìgba kọ́bọ̀. Gílóòbù fóòtì 6 méjì wà nílẹ̀, iye tí a rà á ni a ó gbà lọ́wọ́ yín. Àbúrò mi ṣe tán láti padà wá so ó, kí ó sì pààrọ̀ wáyà búráùn tó yọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò jẹ yín ní èyí. Bí ẹ kò bá fẹ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, ẹ dá súíìṣì padà kí ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà tó pé, ₦28,000 yín yóò sì dé ọwọ́ yín lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹlòmíràn ti ń bèèrè rẹ̀. Kìkì pé kí ẹ má fi gílóòbù fóòtì 12 náà kún un; ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ dá a padà sí.