Ẹ̀rọ Gbọ́n Títí, Kò Lè Fi Màmá Wa Hàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Láti ọjọ́ Iléyá ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Texas, l'Amẹ́ríkà, ló fi ẹ̀rọ Blu-ray, ẹ̀rọ tó ń fi àwo fíìmù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ránṣẹ́ sí mi. Páálí rẹ̀ ń dán gbinrin, wọ́n sì kọ gbogbo àrà tó lè dá sí i lára: àwòrán 1080p, ohùn 7.1, 3D, íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa sọ DVD àtijọ́ di tuntun lójú. Mo kà á fún àwọn ọmọ bí ẹni ń ki oríkì.

Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ihò kan ṣoṣo ni mo rí fún àwòrán, HDMI, ti tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìgbàlódé. Okùn pupa, funfun àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀ kò níbi tí à ń kì í bọ̀. Wọn ò gbàgbé o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Àwọn tó ń ṣọ́ fíìmù Blu-ray ló fi sínú àdéhùn pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọdún 2013 kò gbọdọ̀ gbé àwòrán fíìmù wọn gba irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ. Èmi tí mò ń ta gàrí l'Ókè-Àjé, àwòrán ta ni mo fẹ́ jí dà kọ? Bí mo ṣe gbé tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá mi tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì nìyẹn, tí mo lọ ra pẹlẹbẹ. Owó gàrí ni o, kì í ṣe owó tí mo hú nílẹ̀.

Wọ́n tún kọ 120V, agbára iná ti Amẹ́ríkà, sí ìdí rẹ̀. Tiwa níbí, 230 ni, lọ́jọ́ tí iná bá wá. Ọpẹ́lọpẹ́ oníná àdúgbò tó pariwo pé "Màmá, ẹ má kì í bọ̀ ọ́!", à bá ti sun ún bí ẹran Iléyá. Mo tún ra tiransifọ́mà kékeré tó ń dín iná kù. Tọ̀sán-tòru ló ń kùn bí oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

Ó ku ká wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, àwọn ará wa ti pé: àwọn ti Èkó, àwọn ti Ṣágámù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó, wọ́n ṣì wọ aṣọ ẹgbẹ́ sọ́rùn. Mo wọlé lọ gbé àwo tí mo ti fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí: ayẹyẹ 70 ọdún Màmá wa, 2008. Màmá sùn ní 2014. Nínú fídíò yẹn, ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ mọ́dìí, ó ń jó níwájú onílù, náírà lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Àwọn ọmọ-ọmọ tí kò bá a láyé ló jókòó sílẹ̀ wẹ́rẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn.

Ẹ̀rọ gbé àwo mì. Ó ń ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Gbogbo ilé pa kẹ́kẹ́. Ó wá kọ ọ́ sí wa lójú pé òun ò lè ka àwo yìí.

Mo yọ ọ́, mo fi ìdí ìró nù ún, mo dá a padà. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà.

Ọmọ tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ló là mí lójú. Ó ní kò sóhun tó ṣe àwo náà. Ìlànà fídíò tí wọ́n ń pè ní PAL ni ẹni tó ya fídíò náà fi yà á, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. NTSC ni ti Amẹ́ríkà, bí 30 ni tiwọn, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún kì í sì í bá PAL ṣe. Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ tó mọ 3D, kò mọ 25!

Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká wo fíìmù Yorùbá. Mo ti VCD, àwo fíìmù ayé àtijọ́, bọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ kùn, ó pọ̀ ọ́ jáde bí ọmọ tó tọ́ agbo kíkorò wò. Àwo Blu-ray kan ń gbé 25 GB, èyí tó ní ìpele méjì ń gbé 50. VCD kò tó 1 GB. Ṣé ẹ rí alábàárù tó gbé àpò gàrí lérí, tó wá ní kóńgò kan wúwo jù fún òun? Mi ò rí i rí ní gbogbo ọjà Òkè-Àjé.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù náà dìde, ojú ti ń tì í fún mi. Ó mú ojúlówó Blu-ray tó rà lọ́hùn-ún jáde nínú báàgì. Ẹ̀rọ tún kọ̀! Wọ́n ti pín ayé sí A, B àti C bí ẹni pín ogún, àwo tí wọ́n bá tì mọ́ apá kan kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ apá kejì: Amẹ́ríkà wà ní A, àwa àti Lọ́ńdọ̀nù wà ní B. Tó bá sì jẹ́ DVD, wọ́n tún un pín: Amẹ́ríkà 1, Lọ́ńdọ̀nù 2, àwa 5. Ta ló pè wọ́n síbi ìpín yẹn? Ẹni tó fowó ra àwo, tó fowó ra ẹ̀rọ, ọ̀nà wo ló tún kù tó máa fi bẹ̀ yín?

Àwo kan ṣoṣo tó kà ni èyí tí àbúrò mi fi sínú páálí. Ó kọ́kọ́ kó ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní oríṣiríṣi èdè, rìmóòtù ò lè fò ó. Fíìmù wọ ibi tó dùn, wọ́n mú iná lọ. Iná dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn! Kò rántí ibi tó dé rí, ìkìlọ̀ nìkan ni kì í gbàgbé.

Bí a ṣe bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa nìyẹn. DVD Ṣáínà kékeré kan wà níbẹ̀, eruku bò ó, rọ́bà ló fi de ẹnu rẹ̀ kó má baà máa yọ sóde. Mo fi Màmá sí i. Kíá, wọ́n yọ, wọ́n ń jó.

Àbúrò mi pè ní àná. "Àǹtí mi, ṣé ẹ ń gbádùn ẹ̀ ṣá?" Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Ó ní kí n má bínú, òun máa fi ẹ̀rọ 4K, èyí tó tún ju Blu-ray yìí lọ, ránṣẹ́, pé àwo tiyẹn kò ní A kò ní B. Mo ní, "Ṣé ó máa ka VCD?"

Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.